Owó Ibodè àti Owó Ìsọ̀: Bí Owó-Orí Ohun Rírà ṣe Kan Òwò Òkè Òkun

Ní ayé àtijọ́, ìlú Yorùbá tí ó bá ní odi a máa ní ibodè, ibodè tí ó bá sì wà kì í ṣe aláìní oníbodè. Alájàpá tí ó ru ẹrù wá láti ọ̀nà jíjìn kò lè wọlé láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níwájú oníbodè, kí ó ka owó ẹyọ fún un, kí ó tó gbé ẹrù rẹ̀ kọjá. Àṣà náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá, èyí tí ó wà ní Abẹ́òkúta láti 1898 títí di 1914, fi owó ibodè ṣe ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ó fi ń gbọ́ bùkátà ìlú.

Ọ̀nà méjì ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ lè gbà bu owó lórí iṣu. Ó lè ní kí oníbodè gba ọgọ́rùn-ún owó ẹyọ lórí ẹrù iṣu kọ̀ọ̀kan tí àjèjì bá gbé wọlé, kí iṣu àgbẹ̀ ìlú sì wọ ọjà láìsan ohunkóhun. Ó sì lè fi oníbodè sílẹ̀, kí ó ní kí olórí ọjà máa gba ọgọ́rùn-ún lórí ẹrù iṣu gbogbo tí a bá tà lórí ìsọ̀, ìbáà ṣe ti àjèjì, ìbáà ṣe ti ọmọ ìlú. Lójú ẹni tí ó ru iṣu wá láti ìlú mìíràn, ọgọ́rùn-ún ni ọgọ́rùn-ún; àpò rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá ni. Lábẹ́ ètò kìíní, iṣu àjèjì wọ́n ju iṣu ìlú lọ ní ọgọ́rùn-ún kí àwọn méjèèjì tó kojú ara wọn lọ́jà. Lábẹ́ ètò kejì, ọgọ́rùn-ún kan náà wà lórí àwọn méjèèjì, ẹni tí iṣu rẹ̀ bá dára jù tàbí tí ó bá pọ́ọ́kú jù ni yóò tà. Bí àgbẹ̀ ìlú náà bá sì gbé iṣu tirẹ̀ lọ sí ìlú kejì, olórí ọjà ilé kò ní ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ọjà ilé ni ó ti tà á. Ẹnikẹ́ni kò ní torí èyí sọ pé ìlú ti ta àgbẹ̀ náà lọ́rẹ.

Ọ̀rọ̀ tí ó dàbí ọ̀rọ̀ iṣu yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá ti fi ń bá ara wọn jà fún ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, ọdún 2025, Donald Trump, Ààrẹ Amẹ́ríkà, fi ọwọ́ sí ìwé kan tí ó ka owó-orí iye-àfikún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn mọ́ àwọn ìwà àìtọ́ tí ń pa òwò Amẹ́ríkà lára. Owó-orí iye-àfikún yìí ni àwọn oníṣòwò wa ń pè ní VAT. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ń gbà á lé ní 170. Nínú àwọn tí ọrọ̀ wọn pọ̀ jù lọ, Amẹ́ríkà ni ó dá yàtọ̀ tí kò ní in.

Ẹ̀sùn náà rọrùn láti gbọ́. Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ṣe ní Jámánì bá ń lọ sí Amẹ́ríkà, ìjọba Jámánì kì í gba VAT lórí rẹ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é bá sì ti san nígbà tí ó ń ra irin àti táyà, ìjọba a dá a padà fún un. Bí ọkọ̀ Amẹ́ríkà bá ń wọ Jámánì, a ó gba ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí nìkan yóò ní àbòsí wà níbẹ̀: ẹnì kan ń gba owó padà bí ó ti ń jáde, ẹnì kejì ń san owó bí ó ti ń wọlé. Ohun tí a kò sọ ni pé ará Jámánì tí ó ra ọkọ̀ Jámánì nínú ìlú ara rẹ̀ san ìdá 19 yẹn pẹ̀lú, àti pé ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ méjèèjì ni ó ń san owó-orí ọjà tí ìpínlẹ̀ tí a ti tà wọ́n bá ń gbà, láìsí ojúsàájú. Owó ìsọ̀ ni, kì í ṣe owó ibodè. Bí a bá ń wá owó ibodè, ó wà lọ́tọ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú 2025, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni Yúróòpù ń gbà ní èbúté lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà, nígbà tí Amẹ́ríkà ń gba ìdá 2.5 lórí ti Yúróòpù. Ẹni tí ó bá fẹ́ jà ní ibi tí ìjà wà níbẹ̀ yẹn.

Síbẹ̀, kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan ni ó bí àríyànjiyàn yìí. Ó ní ìtàn, ìtàn náà sì dùn ún tọ̀ láti ìpìlẹ̀.

Kí VAT tó dé, owó-orí àtàtúntà ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń gbà. Jámánì bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní 1918, nígbà tí ogun ti gbọn àpò ìjọba gbẹ. Ní 1951 ó ti di ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni pé nígbàkigbà tí ọjà bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ìjọba a bu tirẹ̀, kò sì bìkítà bí ó ti bu nínú ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta tẹ́lẹ̀. Kí a mú aṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó ran òwú tà á fún ahunṣọ ní 100 máàkì, owó-orí 4 máàkì sì gùn ún. Ahunṣọ tí ó ti san 104 fi iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó tó 100 kún un, ó di 204, owó-orí rẹ̀ sì di 8.16. Aránṣọ náà fi 100 tirẹ̀ kún 212.16 tí ó rà á, owó-orí ìyẹn sì súnmọ́ 12.49. Nígbà tí ẹ̀wù náà yóò fi dé ọrùn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, owó-orí inú rẹ̀ ti di 24.65 máàkì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ran òwú, tí ó hun ún, tí ó sì rán an, tí ó wá ta ẹ̀wù náà ní 300, máàkì 12 péré ni ìjọba yóò rí gbà. Ẹ̀wù kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni, owó-orí ọ̀kan sì ju ìlọ́po méjì èkejì lọ.

Láàrin ìlú, ibi tí èyí burú sí ni pé ó ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní àǹfààní lórí àwọn kéékèèké. Ní ẹnu ibodè, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ní kí ìjọba dá owó-orí inú ẹ̀wù tí ń lọ sí òkè òkun padà, èwo ni yóò dá padà, 12 ni tàbí 24.65? Ẹ̀wù kì í sọ̀rọ̀. Kò lè sọ iye ọwọ́ tí ó ti gbà kọjá. Nítorí náà, ìṣirò àkùnpọ̀ ni àwọn ìjọba ń lò: wọ́n á fojú dá a, wọ́n á sì dá iye kan padà fún gbogbo ẹni tí ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ sókè òkun. Gbogbo aládùúgbò wọn ni ó sì ń fura sí wọn pé iye tí wọ́n ń dá padà ju èyí tí wọ́n gbà lọ. Ìfura náà kì í ṣe asán, nítorí pé ìjọba tí ó bá fẹ́ ran àwọn oníṣòwò rẹ̀ lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀ kò tún ní ibi ìfarapamọ́ tí ó dára ju ibẹ̀ lọ.

Ìjà náà bẹ́ sí gbangba ní 1953, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí ó dá Ẹgbẹ́ Èédú àti Irin ti Yúróòpù sílẹ̀ fẹ́ ṣí ọjà irin fún ara wọn láìsí owó ibodè. Owó-orí tí Faransé ń gbà lórí irin pọ̀ ju ti Jámánì lọ. Àwọn oníṣẹ́ irin Jámánì wá figbe ta: irin Faransé tí ń bọ̀ ní Jámánì ń bọ́ ẹrù owó-orí ńlá sílẹ̀ ní ilé, ó sì ń wá gbé kékeré rù ní Jámánì, irin Jámánì tí ń lọ sí Faransé ń bọ́ kékeré sílẹ̀, ó sì ń lọ gbé ńlá rù. Bí a kò bá ṣọ́ra, ọ̀rọ̀ yìí yóò wọni létí bí òdodo. A gbé ẹjọ́ náà fún ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, tí Jan Tinbergen ti ilẹ̀ Họ́láńdì jẹ́ alága wọn, ọkùnrin tí ó wà lára àwọn méjì tí a kọ́kọ́ fún ní ẹ̀bùn Nobel lórí ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní 1969.

Ìdáhùn ìgbìmọ̀ náà ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n ní bí owó-orí kan bá kan gbogbo ọjà ní ọgbọọgba, ìbáà jẹ́ ibi tí a ti ṣe ọjà ni a ti gbà á, ìbáà jẹ́ ibi tí a ti lò ó, kò sí èyí tí yóò fún orílẹ̀-èdè kan ní àǹfààní tí yóò pẹ́ lórí èkejì. Bí a bá gbà á níbi tí a ti lo ọjà, ọjà ilé àti ti àjèjì wà ní ìpele kan náà, gẹ́gẹ́ bí iṣu orí ìsọ̀. Bí a bá sì gbà á níbi tí a ti ṣe é, ọjà ilẹ̀ náà yóò kọ́kọ́ wọ́n lójú àwọn ará òkè òkun, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ra ọjà náà mọ́, wọn kò ní wá owó ilẹ̀ náà mọ́. Iye owó náà yóò já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àwọn ẹlòmíràn, títí ọjà náà yóò fi padà sí iye tí ó wà tẹ́lẹ̀ lójú àjèjì. Wọ́n gbà pé kí a fi ètò náà sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a máa gba owó-orí níbi tí a ti ń lo ọjà.

Ẹni tí ó bá rò pé èyí jẹ́ àròsọ àwọn ọ̀mọ̀wé lásán yóò rí ẹ̀rí rẹ̀ ní Jámánì fúnra rẹ̀ ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà. Ní 1968, ọjà Jámánì ń tà jù ní òkè òkun, àwọn aládùúgbò sì ń rọ̀ ọ́ pé kí ó gbé iye máàkì rẹ̀ sókè. Ìjọba Jámánì kọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó ṣe òfin tí ó gbé owó-orí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà tí ń jáde, tí ó sì dín ìdá 4 kù lórí èyí tí ń wọlé. Kí ni ìyàtọ̀ èyí sí gbígbé máàkì sókè ní ìdá 4? Fún ẹni tí ń ta ọjà tàbí tí ń rà á, kò sí. Ìdá 4 kò tilẹ̀ tó. Ní oṣù Kẹwàá 1969, a pa ètò náà tì, máàkì fúnra rẹ̀ sì gòkè ní nǹkan bí ìdá 9.3. Ohun tí a kò fẹ́ ṣe ní iwájú ilé ni a lọ ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, kí a tó wá gbà láti ṣe é ní iwájú ilé.

Láàrin 1953 sí 1968 yẹn ni VAT dé. Maurice Lauré, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé kan ní ẹ̀ka owó-orí, ni ó gbé e kalẹ̀, Faransé sì sọ ọ́ di òfin ní oṣù Kẹrin 1954. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ju pé kí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan gba owó-orí lọ́wọ́ ẹni tí ó ta ọjà fún, kí ó yọ èyí tí òun náà ti san nígbà rírà kúrò, kí ó sì kó ìyókù fún ìjọba. Kí a padà sí ẹ̀wù náà, kí a sì fi owó-orí náà sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó ran òwú ta 100, ó gba 10, ó kó 10 fún ìjọba. Ahunṣọ ta 200, ó gba 20, ó yọ 10 tí ó ti san, ó kó 10. Aránṣọ ta 300, ó gba 30, ó yọ 20, ó kó 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30, ìyẹn ìdá 10 gẹ́ẹ́ nínú 300. Ìbáà jẹ́ ọwọ́ kan ni ẹ̀wù náà gbà kọjá, ìbáà jẹ́ ọwọ́ mẹ́wàá, 30 ni. Bí aránṣọ náà bá wá ta á sókè òkun, kò ní gba owó-orí lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, ìjọba yóò sì dá 20 tí ó ti san padà fún un, kì í ṣe 19, kì í ṣe 21, nítorí pé rìsíìtì wà. Ibi tí ìfura ti ń wọlé ti dí.

Èyí ni ó mú kí VAT wu àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ta ọjà fún ara wọn. Ní 1962, ìgbìmọ̀ kan tí Fritz Neumark ṣe alága fún dá a lábàá fún Ẹgbẹ́ Ọrọ̀-Ajé Yúróòpù. Ní oṣù Kẹrin 1967, ẹgbẹ́ náà fi í ṣe òfin fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1968, Jámánì pa owó-orí àtàtúntà rẹ̀ tì, ó sì gba VAT wọlé ní ìdá 10. Denmark, tí kò tíì sí nínú ẹgbẹ́ náà, ti ṣáájú wọn ní 1967. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdá 10, ó sì wà ní ìdá 25 lónìí, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé Denmark ti fi VAT jagun gba ọjà àgbáyé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kò fi ara mọ́ ọn. Bí wọ́n ti ń wo ìdá 10 tí Jámánì ń gbà lórí ọjà wọn ní èbúté, ojú owó ibodè ni wọ́n fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àdéhùn òwò àgbáyé tí a ṣe ní 1947, tí a mọ̀ sí GATT, gba orílẹ̀-èdè láàyè láti bọ́ owó-orí tí ó gun ọjà kúrò lórí ọjà tí ń lọ sókè òkun, kò sì kà á sí owó ìrànwọ́. Kò gbà wọ́n láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún owó-orí tí ó gun èrè ilé-iṣẹ́ tàbí owó oṣù òṣìṣẹ́. Ìdí tí a fi pín in bẹ́ẹ̀ ni pé a gbà nígbà náà pé ẹni tí ó ra ọjà ni ó ń ru gbogbo owó-orí ọjà, àti pé ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ni ó ń ru gbogbo owó-orí èrè. Kò sí onímọ̀ tí yóò fi ọwọ́ sọ̀yà lé èrò yẹn láìjanpata lónìí. Owó-orí èrè ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì ń gbà, kì í ṣe VAT; nítorí náà, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń ru owó-orí ìjọba rẹ̀ jáde kúrò nílé, kò sì sí ẹni tí yóò bá a sọ ọ́ kalẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn wọ́n gan-an nìyí, kì í ṣe ìdá 10 tí ó wà ní èbúté.

Ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ GATT gbé ẹ̀dùn náà yẹ̀ wò, ó sì jábọ̀ ní 1970. Ìlànà náà kò yí padà. Ní 1971 Amẹ́ríkà dá ọ̀nà tirẹ̀: ó ṣe òfin tí ó jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tí ń ta ọjà sókè òkun sún owó-orí èrè rẹ̀ síwájú. Àwọn adájọ́ GATT dá a lẹ́bi ní 1976. Ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1984. A dá ìyẹn náà lẹ́bi ní àárín 1999 àti 2000. Ó tún ṣe òmíràn ní 2000, a tún dá a lẹ́bi ní 2002. Ní 2004 ni Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ẹ̀san lórí ọjà Amẹ́ríkà, ọdún náà gan-an ni Amẹ́ríkà sì fagi lé òfin náà. Ní 2017, a fẹ́ yí owó-orí èrè fúnra rẹ̀ padà kí ó lè máa ṣe bíi VAT ní ibodè. Ó kú sínú ilé ìgbìmọ̀ kí oṣù Keje tó parí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni a fi ń gbé ẹjọ́ kan ṣoṣo kiri, láti 1971 títí di 2004, ìwé tí a fi ọwọ́ sí ní 2025 sì fi hàn pé kò tíì tán.

Ṣé kò wá sí ọ̀nà kankan tí VAT gbà kan ìdíje láàrin orílẹ̀-èdè? Ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ariwo wà.

Àkọ́kọ́ ni ti àkókò. Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé a máa fẹ́ràn láti fi “bí ó bá pẹ́ títí” parí ìjiyàn; oníṣòwò tí gbèsè rẹ̀ ti tó san kò ní àkókò bẹ́ẹ̀. Bí iye owó kò bá lè yí padà, pàápàá láàrin àwọn tí ń ná owó kan náà, ìjọba lè fi VAT ṣe ohun tí owó kò lè ṣe. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2007, Jámánì, tí ó ti ń ná owó euro pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀, gbé VAT láti ìdá 16 sí 19, ó sì fi apá kan owó náà dín ohun tí ilé-iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ń san sí àpò ìrànwọ́ àwọn aláìníṣẹ́ kù, láti ìdá 6.5 nínú owó oṣù sí 4.2. Owó àpò aláìníṣẹ́ wà nínú iye ọjà tí ń jáde. VAT kò sí níbẹ̀. Bí a bá dín ti ìṣáájú, tí a sì fi kún ti ìkejì, ọjà Jámánì a pọ́ọ́kú díẹ̀ ní òkè òkun, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé owó rẹ̀ já wálẹ̀. Àǹfààní náà wà títí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi béèrè owó oṣù tí ó tó ra ọjà tí ó ti wọ́n nílé. Kì í ṣe VAT ni ó mú àǹfààní náà wá, bí kò ṣe ohun tí a dín kù nítorí rẹ̀.

Èkejì ni ti ohun tí VAT kì í kàn. Ní 1990, Martin Feldstein àti Paul Krugman tọ́ka sí i pé níbi púpọ̀, VAT kì í gun owó ilé gbígbé, owó ilé-ìwé tàbí owó ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó máa ń gun bàtà, aṣọ àti ohun èlò inú ilé. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ènìyàn yóò máa ná owó sí ibi tí owó-orí kò sí, iṣẹ́ àti owó ìdókòwò yóò sì máa bá a lọ síbẹ̀. Bàtà àti aṣọ ni a lè tà sókè òkun. Ilé gbígbé kò ṣe é dì sínú àpótí. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí VAT dín òwò òkè òkun orílẹ̀-èdè tí ń gbà á kù, ìdàkejì ohun tí àwọn tí ń fẹ̀sùn kàn án ń sọ.

Ẹ̀kẹta ni ó kan ilẹ̀ tiwa jù lọ. Gbogbo ẹ̀wà VAT dúró lórí gbólóhùn kan: ìjọba yóò dá 20 yẹn padà fún aránṣọ. Bí kò bá dá a padà ńkọ́? Bí ó bá dá a padà lẹ́yìn ọdún méjì ńkọ́? Nígbà náà, owó-orí ilé bá ọjà lọ sókè òkun, ó sì kojú ọjà àwọn tí ìjọba tiwọn ń dá owó padà kíákíá. Nígbà tí Mihir Desai àti James Hines ṣe ìwádìí lórí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní 2005, wọ́n rí i pé àwọn tí ó gbára lé VAT kì í ta ọjà sókè òkun tó àwọn yòókù, àti pé èyí hàn jù láàrin àwọn tí kò lówó.

Ní Nàìjíríà, òfin kejìlélọ́gọ́rùn-ún ti 1993 ni ó mú VAT wọlé ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, a sì sọ ọ́ di ìdá 7.5 ní oṣù Kejì 2020. Ìdá 7.5 kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ 18 tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń gbà, tàbí 21 ti Họ́láńdì. Ẹni tí ó bá fi ojú iye nìkan wò ó yóò rò pé ọjà Nàìjíríà ni ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ jù lórí omi. Ṣùgbọ́n títí di òpin 2025, òfin náà kò gbà kí oníṣòwò yọ owó-orí tí ó san lórí ẹ̀rọ, tàbí lórí iṣẹ́ tí a bá a ṣe, kúrò nínú ohun tí yóò kó fún ìjọba; kìkì èyí tí ó san lórí ọjà tí yóò tún tà, tàbí lórí ohun tí ó fi ṣe ọjà náà gan-an, ni ó lè yọ. Kí a mú ẹnì kan tí ó fẹ́ lọ kòkó Òndó di ọ̀rá kòkó àti ìyẹ̀fun kòkó kí ó tó fi í ránṣẹ́ sókè òkun. Bí kò bá sí ní àwọn agbègbè àkànṣe tí ìjọba yà sọ́tọ̀, tí ó sì ra ẹ̀rọ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà, mílíọ̀nù 7.5 ti gùn ún, òfin sì ní kí ó kà á mọ́ iye ẹ̀rọ náà. Owó agbẹjọ́rò, ti aṣírò-owó, ti ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, gbogbo rẹ̀ ní tirẹ̀ nínú. Òótọ́ ni pé owó-orí orí ọ̀rá kòkó náà jẹ́ òdo nígbà tí ó bá ń jáde, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wọ inú rẹ̀ kò jáde mọ́. Ẹni tí ń lọ kòkó kan náà ní Amsterdam ń san ìdá 21 lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ìjọba rẹ̀ sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà fún un. Ìdá 21 tí a dá padà fúyẹ́ ju ìdá 7.5 tí a kò dá padà lọ.

A sì rí ohun kan sí i nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ko èso kòkó sínú àpò, tí ó gbé e sọ́kọ̀ lọ sí èbúté ní tútù bí ó ti rí, kò ra ẹ̀rọ ńlá, kò sì gba aṣírò-owó púpọ̀. Owó-orí tí ó fara pamọ́ sínú kòkó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí iṣẹ́ tí a ṣe sí kòkó náà nílé bá ti ń pọ̀ tó ni owó-orí inú rẹ̀ ń pọ̀ tó. Láti 1993 títí di 2025, ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ta kòkó ní tútù mọ́, òfin owó-orí wọn sì ń gba ìtanràn kékeré lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ràn. Àwọn tí ń jiyàn nígbà náà bóyá kí a gbé VAT sí ìdá 10 tàbí kí a fi í sílẹ̀ ní 5 ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Òfin Owó-Orí Nàìjíríà ti 2025, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi ọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Kò yí ìdá 7.5 padà, ṣùgbọ́n ó gbà kí a máa yọ owó-orí ẹ̀rọ àti ti iṣẹ́ tí a bá ni ṣe pẹ̀lú. Fún ẹni tí ń ta ọjà sókè òkun, tí kì í gba VAT lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, kò sí ibi tí yóò ti yọ ọ́. Àfi kí ìjọba ka owó náà lé e lọ́wọ́. Bí ìwé òfin ti dára tó kọ́ ni yóò fi mọ̀ bóyá ẹrù rẹ̀ ti fúyẹ́, bí kò ṣe iye ọjọ́ tí ó wà láàrin ìgbà tí ó fi ìwé béèrè àti ìgbà tí owó wọ àpò rẹ̀.

Ẹnì kan sì kù tí òfin tuntun náà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Obìnrin alájàpá tí ó ra ọṣẹ àti abọ́ ike ní ọjà kan ní ìhà Ìdí-Ìrókò, tí ó gbé e kọjá sí ìhà Bẹ̀nẹ̀ láti tà á ní Pọ̀bẹ̀ tàbí ní Kétu, ti san ìdá 7.5 mọ́ owó ọjà náà nígbà tí ó rà á. Lójú òfin, ọjà òkè òkun ni ó ń tà, ó sì yẹ kí owó náà padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò forúkọ sílẹ̀, kò ní rìsíìtì, ẹni tí ó tà á fún un pàápàá kò kọ ọ́ fún un. Bí aṣọ́bodè Bẹ̀nẹ̀ bá wá rí i, tí ó sì gba ìdá 18 ti ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a jẹ́ pé ó ti san owó ìsọ̀ ní ọjà méjì lórí ẹrù kan. Ọ̀nà tí ó gbà ni àwọn ìyá rẹ̀ ti ń gbà kí a tó fi ààlà sí ibẹ̀, èdè tí ó ń sọ ní ìhà ìhín náà ni ó ń sọ ní ìhà ọ̀hún.